Omi Tí Mo Sá Fún ní Bọ́ọ̀dìn

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998 ni mo wọ JSS 1 ní ilé ìwé àwọn ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọmọ ọdún 11 ni mí. Abacha ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nínú oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni, epo mọ́tò ṣòro, àwọn òbí tó kó ọmọ wá sì ń kánjú kí wọ́n lè padà kílẹ̀ tó ṣú. Nínú àpótí mi, lábẹ́ gàárì, mílíìkì àti ṣúgà, ike oògùn méjì wà níbẹ̀ tí Màámi ti bó ìwé ara wọn kúrò. Folic acid wà nínú ọ̀kan, Paludrine, oògùn tó ń dènà ibà, wà nínú èkejì. SS ni jẹ́nótáìpù mi, ìyẹn ni pé mo ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde.

"Bí wọ́n bá bi ẹ́, sọ pé fítámì ni," Màámi wí. "Má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀, Àkànní. Wọ́n á fi máa pè ẹ́ ni."

Mi ò bínú sí i, títí dòní. Ọmọ méjì ló ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí mi. Àbíkú ni àwọn àgbà ilé pe àkọ́kọ́. Wọ́n sàmì sí èkejì lára kí wọ́n tó sin ín. Kí dókítà tó wá sọ fún un pé fòníkú-fọ̀ladìde ni, àdúgbò ti fún òun fúnra rẹ̀ lórúkọ, ó sì mọ ohun tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń fojú ènìyàn rí. Nítorí náà, níbi tí fọ́ọ̀mù ilé ìwé ti béèrè àìsàn tí ọmọ ní, "kò sí" ló kọ. Bàámi rí i, wọn ò sọ̀rọ̀.

Mò ń kọ èyí fún òbí tí irú fọ́ọ̀mù yẹn wà níwájú rẹ̀ báyìí, àti fún olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì lé lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ nípa ọmọ SS ní bọ́ọ̀dìn ni pé kó má ṣiṣẹ́ agbára, kó má fi omi tútù wẹ̀, kó máa lo oògùn rẹ̀ déédéé. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ pa mí kò sí nínú wọn. Ìtìjú ni. Ìtìjú títọ̀ sílé.

Nílé, Màámi máa ń jí mi lóru kí n lọ tọ̀, nígbà mìíràn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo rò pé gbogbo ìyá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìwé ohun tí ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ mú wá, wọ́n kọ korobá, àdá, ìgbálẹ̀, fóòmù, àwọ̀n ẹ̀fọn, fìtílà. Wọn ò kọ ẹni tó máa jí i síbẹ̀.

Bọ́ńkì òkè ni wọ́n fún mi, torí pé ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ti sẹ́ńíọ̀. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. A ò tíì lò tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi tọ̀ sílé, ó sì kán sí sẹ́ńíọ̀ tó wà nísàlẹ̀ lójú. Ẹ jẹ́ kí n fo ohun tó ṣe fún mi lóru yẹn. Tílẹ̀ bá mọ́, òfin họ́sítẹ́ẹ̀lì ni pé kí atọ̀ọ́lé ru fóòmù rẹ̀ yí pápá ká níbi tí gbogbo ilé ti tò, kí àwọn tó kù máa kọrin lé e lẹ́yìn. Haòsì másítà mọ̀ sí i. Ó máa ń dúró síbẹ̀ tòun ti ife tíì lọ́wọ́. Wọ́n ní ó máa ń wo atọ̀ọ́lé sàn.

Ó wò mí sàn lóòótọ́. Kò pẹ́ tí mo fi rí ọgbọ́n dá sí i: bí mo bá ti jẹun ọ̀sán tán, mi ò ní fẹnu kan omi mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Mi ò ní mu tíì alẹ́. Mi ò ní rẹ gàárì mu bó ti wù kí ebi pa mí tó, torí pé omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí a bá dé láti prep, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń tò nídìí kẹ́ẹ̀gì omi, èmi á fi omi yọ ẹnu, máa tu ú dànù. Fóòmù mi gbẹ. Orin dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ mìíràn tó ń tọ̀ sílé tiẹ̀ wá bá mi ní kọ̀rọ̀ pé kí n kọ́ àwọn náà.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni ojúgun mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Agogo márùn-ún ìdájí la máa ń jí, a ó lọ wẹ̀ nínú atẹ́gùn lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú omi kànga tí a ti fà sílẹ̀ láti alẹ́. Láti ojúgun ó bọ́ sí orúnkún, láti orúnkún ó bọ́ sí ẹ̀yìn. Ẹni tí kò rí i rí á rò pé irú ẹsẹ̀ dídùn tí a máa ń ní lẹ́yìn eré bọ́ọ̀lù ni. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá jókòó sínú egungun rẹ tó ń fi òòlù fọ́ ọ láti inú wá síta. Ọmọ tó wà lórí bọ́ńkì tó kàn mí máa ń bá mi fi róòbù pa á. Nígbà tó yá, ó rí i pé omi gbígbóná nínú ike tí a fi táwẹ́ẹ̀lì wé ló ń ràn mí lọ́wọ́ ju róòbù lọ. Ọmọ ọdún 11 bíi tèmi ló dá ọgbọ́n yẹn, kò sì mọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí.

Nọ́ọ̀sì síkìbéè ní ibà ni. Chloroquine ni wọ́n ń lò fún ibà láyé ìgbà yẹn. Ó yún mi títí mo fi họ ara mi bó, ó sì mú mi bì. Ẹ wò ó: ara tí kò lómi tẹ́lẹ̀, ó tún ń bì. Lẹ́yìn tí èyí ti ṣẹlẹ̀ bí ìgbà mélòó kan, haòsì másítà ní ọ̀lẹ ni mí, pé ọjọ́ Sátidé tí a máa ń gé koríko ni àìsàn mi mọ̀.

Mi ò lè dá a lẹ́bi tán lórí èyí. Ọmọ tó ń díbọ́n pọ̀ ní bọ́ọ̀dìn. Èmi náà mọ ọmọ tó máa ń fi ata pa ojú kí wọ́n lè sọ pé àpòlò mú un. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo ti kíyè sí, kì í sì í tàn mí. Ọmọ tó ń díbọ́n máa ń ké nígbà tí àgbà bá ń bọ̀, ara rẹ̀ á sì yá tí agogo oúnjẹ bá lù. Ọmọ tí egungun ń ro kì í ké púpọ̀. Á ká jọ sójú kan, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kan bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, agogo oúnjẹ á lù, kò ní yíjú. Ẹni tó dákẹ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé.

Sáà kejì ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í fún pọ̀, ara mi gbóná, mi ò lè mí sínú dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi tó ń fi ike omi gbígbóná tọ́jú mi lọ gbá ilẹ̀kùn. Wọ́n ti tì í láti ìta. Haòsì másítà ń gbé nígboro, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Nọ́ọ̀sì ti lọ sílé láti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó gbọ́ ni Bàbá Gáàdì, ọ̀gbẹ́ni àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ọgbà lóru. Ó fi irin já àgádágodo, ó gbé mi pọ̀n bí ẹni pọn ọmọ ọwọ́, ó sì gbé mi dé ilé igbákejì ọ̀gá àgbà.

"Dì mọ́ mi, ọmọ mi. Má sùn o. Máa sọ̀rọ̀ sí mi. Kí lorúkọ màmá ẹ?"

Peugeot 504 igbákejì ọ̀gá ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Wọ́n bi mí ní jẹ́nótáìpù mi. Mo ní fítámì ni mò ń lò. Wọ́n tún bi mí. Mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Màámi ní kí n sọ nìyẹn, mo sì jẹ́ ọmọ tó ń gbọ́ràn.

Dókítà kò dúró dè mí. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lọ yẹ̀ wò. PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, ti já sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, wọ́n fi ọ́síjìn sí mi nímú, wọ́n sì ń kán omi sí mi lára. GSM kò tíì dé Nàìjíríà (ọdún 2001 ló dé), fóònù ilé ìwé kò sì ṣiṣẹ́, nítorí náà dírẹ́bà ilé ìwé ló lọ sọ fún wọn nílé lọ́jọ́ kejì. Bí Màámi ṣe wọlé, ẹnu ọ̀nà ló ti ń pariwo pé, "SS ni o! Ẹ jọ̀ọ́, SS ni!" Gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́. Nǹkan tó fi ọdún mélòó kan pamọ́.

Dókítà obìnrin kan ló kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹnì kankan ò tíì bi mí. Ó dúró kí Màámi jáde lọ ra omi inú ọ̀rá, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé o máa ń tọ̀ sílé?"

Mo dákẹ́.

"Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní SS ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ."

Ni mo bá sọ gbogbo rẹ̀: fóòmù, orin, omi tí mi ò mu. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi bírò yà á fún mi lẹ́yìn káàdì. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní SS máa ń tẹ̀ bíi dòjé nígbà tí ọ́síjìn bá dín kù níbẹ̀. Bí ara bá wá gbẹ, tàbí tí òtútù tàbí ibà bá mú un, títẹ̀ náà á pọ̀ sí i. Wọ́n á wá há sínú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé ni yóò máa ro ènìyàn. Kíndìnrín wà lára ibi tí èyí ti kọ́kọ́ ń ṣe ìpalára. Láti kékeré, kíndìnrín ọmọ SS kì í lè fa omi padà sínú ara bó ṣe yẹ, nítorí náà ìtọ̀ rẹ̀ á pọ̀, á sì mọ́ bí omi. Ìdí nìyẹn tó fi ń jí lóru, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń tọ̀ sílé kódà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ṣíwọ́. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá sá fún omi, kíndìnrín kò ní sá fún ìtọ̀. Á máa tú omi ara rẹ̀ jáde lọ ni, kò sì sí ohun tó ń rọ́pò rẹ̀. Èmi ni mò ń fọwọ́ ara mi fa ìrora náà wá lójoojúmọ́ láti ìgbà oúnjẹ ọ̀sán, kí fóòmù mi lè gbẹ.

Ó ní kí n máa mu tó lítà méjì lójúmọ́ ó kéré tán, kó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Lẹ́yìn náà ó bi Màámi pé, "Ta ló máa ń jí i níbẹ̀ lóru, mà?" Màámi wo Bàámi. Bàámi wo ilẹ̀.

Màámi fẹ́ mú mi kúrò níbẹ̀ pátápátá. Bàámi ní kí n parí JSS 1 ná. Ohun tó jẹ́ kí n dúró ni pé wọ́n gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì wa fún olùkọ́ mìíràn, tíṣà àgíríìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, tó sì gbà láti máa gbé ilé tó lẹ̀ mọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ó pè mí sí bàràńdà rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo padà.

"Ta ló mọ̀ nínú ilé yìí?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, sà."

"Ta lo fẹ́ kó mọ̀?"

Kò sẹ́ni tó tíì fún mi ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ rí. Nílé, àṣẹ ni pé kẹ́nikẹ́ni má mọ̀. Ní wọ́ọ̀dù, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dárúkọ ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ike omi gbígbóná, mo dárúkọ Bàbá Gáàdì. Tíṣà ní kí n fi pirífẹ́ẹ̀tì ilé kún un, torí pé òun ló ń pín iṣẹ́ àti ìyà. Mo gbà. Àwọn nìkan ló pè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ ohun tó yẹ kí kálukú mọ̀ fún un, kò lé, kò dín.

Ọgbọ́n rẹ̀ tó wú mi lórí jù ni pé kò ṣòfin kankan fún èmi nìkan. Ó ní kí gbogbo ọmọ ilé máa gbé ike omi lọ sí prep. Ó ra ọ̀rá tó nípọn, ó ní kí gbogbo fóòmù ní tiẹ̀ lára, àti ti sẹ́ńíọ̀, àti ti atọ̀ọ́lé, àti ti ẹni tí kò tọ̀ sílé rí. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ orin àárọ̀ mọ́, pé ó ń jí ọmọ òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, orin sì parí síbẹ̀. Kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Gáàdì wá ní bẹ́ẹ̀dì tó gbọ́dọ̀ fi ọ̀pá kàn láàárín òru. Kì í ṣe tèmi nìkan. Ó ti pẹ́ tó ti mọ àwọn ọmọ tó ń fọ aṣọ ní kọ̀rọ̀ lóru, ó mọ ẹni tó ń sunkún ní balùwẹ̀ àti ẹni tí sẹ́ńíọ̀ kan ń gba oúnjẹ rẹ̀. Ẹnì kan ò bi í ni. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, ẹ máa bi gáàdì yín léèrè.

Ibì kan wà tí tíṣà náà ti ṣe é jù. Ó yọ mí nínú gbogbo iṣẹ́: koríko gígé, omi fífà, eré ìdárayá, gbogbo rẹ̀. Àánú ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ní bọ́ọ̀dìn, ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ kò ní ọ̀rẹ́. Wọ́n ń pè mí ní ọmọ haòsì másítà, iyọ̀ sì ń bọ́ sínú omi wíwẹ̀ mi lójoojúmọ́. Èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi níṣẹ́. Ó ní kí n máa lu agogo ìdìde, kí n sì máa ka abọ́ ní ilé oúnjẹ. Iṣẹ́ agogo yẹn gbayì. Alágogo ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló sì ń kọ́kọ́ rí omi gbígbóná ní kíṣìnnì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn kì í sọ lójú gbogbo ènìyàn. Ọmọkùnrin tó ní SS, bó bá ti ń bàlágà, okó rẹ̀ lè le lóru, kó kọ̀ láti rọ̀, kó máa dùn ún, láìjẹ́ pé ó ń ro nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ ló há síbẹ̀, bó ṣe ń há sínú egungun. Ó ṣe mí nígbà tí mo wà ní kíláàsì SS 1 (ọdún kẹrin ní sẹ́kọ́ńdírì), mo sì tún dákẹ́, torí irú ẹ̀fẹ̀ wo ni ẹ rò pé wọ́n máa fi ṣe nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì? Bó bá ti ń lọ sí wákàtí mẹ́rin, ilé ìwòsàn ni, lóru ọ̀hún. Ó lè bà á jẹ́ títí ayé. Bàbá ọmọ ni kó sọ fún un kó tó wọ bọ́ọ̀dìn; bí bàbá ò bá sí, kí àbúrò bàbá tàbí dókítà sọ ọ́.

Ìbàdí òsì mi kò bọ́ nínú rẹ̀. Orí egungun itan tó wọnú ìbàdí ti kú díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ibẹ̀, mo sì ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Dókítà ní ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ọdún àkọ́kọ́ yẹn ló fà á.

Ọ̀pọ̀ òbí máa ń bi mí léèrè lónìí, torí pé àwa tó ní i pọ̀. Iye tí wọ́n máa ń dá ni pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, ẹni bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ló sì jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó lè bí i mọ́ ọmọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò ní àìsàn náà. Kò sí bọ́ọ̀dìn tí kò ní ọmọ bẹ́ẹ̀, yálà fọ́ọ̀mù sọ ọ́ tàbí kò sọ ọ́. Ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbà, ojú ìwé kan péré. Kí ó sọ oògùn tí ọmọ ń lò, iye omi tó gbọ́dọ̀ mu, pé kí wọ́n jẹ́ kó lọ tọ̀ nígbàkígbà, kódà láàárín ìdánwò. Kí ó kọ ìyà tí wọn kò gbọ́dọ̀ fi jẹ ẹ́: ìkúnlẹ̀ pípẹ́, dídúró nínú oòrùn tàbí òjò, omi tútù dídà síni lára. Kí ó sì kọ ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ fi parasítámọ̀ tọ́jú di àárọ̀: ara tó gbóná dé 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyà dídùn, mímí tó le, ojú tàbí ẹnu tó funfun lójijì, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó rọ, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ mọ́ ọmọ lẹ́nu. Ẹ̀dà kan fún síkìbéè, ọ̀kan fún haòsì másítà, ọ̀kan nínú lọ́kà ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó ti lè rí ìmọ̀ràn, àjọ Sickle Cell Foundation Nigeria wà ní Ìdí-Àràbà nílùú Èkó, níwájú ilé ìwòsàn LUTH.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, SS bíi tèmi, fẹ́ wọ bọ́ọ̀dìn dandan. Èmi ni mo tẹ̀lé wọn lọ wo àwọn ilé ìwé. Ọ̀gá ibì kan fi yàrá kọ̀ǹpútà hàn wá, ó fi pápá hàn wá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ń sùn lọ́dọ̀ wọn?" Wọ́n ní gáàdì máa ń ti họ́sítẹ́ẹ̀lì láti ìta ní agogo mẹ́wàá, pé ààbò wà. A dúpẹ́, a kúrò níbẹ̀. Ní ilé ìwé tó padà wọ̀, mẹ́trọ̀nù ló dá mi lóhùn, kì í ṣe ọ̀gá àgbà. Ó ní òun ń gbé inú họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó sì mú ìwé kékeré kan jáde tó ń kọ orúkọ ọmọ tó bá dìde lóru sí, pẹ̀lú aago tó dìde. Ó tún bi wá bóyá ọmọ náà ń lo hydroxyurea, oògùn tó ń dín ìrora SS kù, àti ìgbà wo ni ilé ìwòsàn máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Nígbà tó lo sáà kan tán, mo bi ọmọ náà àwọn tó fẹ́ kó mọ̀. Ó dárúkọ mẹ́ta. Ìkẹta jẹ́ ọmọ kan tó lókìkí ariwo, tí gbogbo olùkọ́ ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ìyá rẹ̀ ní kí ló dé tó jẹ́ pé ìyẹn ló mú.

Ó ní ohùn rẹ̀ máa ń dé géètì.